Ẹ Ka Owó Náà Lójú Wa

Lẹ́tà ṣíṣí sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ Àríwá Ìjẹ̀bú, sí gbogbo káńsẹ́lọ̀, àti sí ẹ̀yin ará Òkè-Ṣopẹ́n ní Ìjẹ̀bú-Igbó

Alága wa, ẹ̀yin káńsẹ́lọ̀ wa, ẹ̀yin ará ilé,

Mo kọ lẹ́tà yìí, n kò sì lẹ̀ ẹ́, nítorí owó gbogbo wa ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, ọ̀rọ̀ owó gbogbo wa sì yẹ kó jẹ́ ohun tí gbogbo wa lè kà.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, gàárì ni ìyá mi ń tà, ó sì máa ń dá àjọ. Lójoojúmọ́, bí oòrùn bá ti yẹ̀ lórí, alájọ á dé, àpò á wà lápá rẹ̀, bírò á wà létí rẹ̀. Ìyá mi á yọ káàdì rẹ̀ lábẹ́ àtẹ. Alájọ á gba owó, á kà á lójú rẹ̀, á sì fi àmì sí ojú ọjọ́ náà lórí káàdì. Káàdì kan wà lọ́wọ́ ìyá mi, ìwé kan wà lọ́wọ́ alájọ. Bí oṣù bá parí, wọ́n á gbé méjèèjì síra wọn. Ìyá mi kò lọ sílé ìwé, ṣùgbọ́n kò sí alájọ tó lè fi ọjọ́ kan ṣoṣo rẹ́ ẹ jẹ. Alájọ náà kò sì kà á sí ìwọ̀sí pé wọ́n ń bi òun léèrè. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ pé, "Ìyá, ẹ yẹ káàdì yín wò o." Ó mọ̀ pé ìgbẹ́kẹ̀lé ni òun ń tà.

Káàdì yẹn ni mo ń wá lónìí. Owó tó ń wọlé sí káńsù wa, àjọ wa ni. Tíkẹ́ẹ̀tì ọjà wà níbẹ̀, owó epo rọ̀bì tí gbogbo ọmọ Nàìjíríà jọ ni náà wà níbẹ̀. Ibo ni káàdì wa wà?

Ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ náà láti ìdí. Òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999, ní abala 7, ló sọ pé ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ará ìlú dìbò yàn. Àfikún kẹrin òfin náà ló to iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ: ọjà, ibùdókọ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbogbogbò, itẹ́ òkú, òpópónà àárín ìlú, gọ́tà, iná ojú pópó, ilẹ̀ kíkó. Ó tún ní ipa tirẹ̀ nínú ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìlera àti iṣẹ́ àgbẹ̀. Ẹ wo àwọn nǹkan wọ̀nyí dáadáa. Ẹni tó jí láàárọ̀ ní Òkè-Ṣopẹ́n á ti bá púpọ̀ nínú wọn pàdé kó tó jẹun ọ̀sán. Kò sí ìjọba tó sún mọ́ ara wa tó èyí, kò sì sí èyí tí ohun tí a mọ̀ nípa owó rẹ̀ kéré tó tirẹ̀.

Nínú owó tó ń wọ àpò àpapọ̀ orílẹ̀-èdè yìí, ìdá 20.60 nínú ọgọ́rùn-ún ni ìlànà ìpín-owó fi sọ́tọ̀ fún àwọn ìjọba ìbílẹ̀ 774. Láti ọdún 2004, nígbà tí Ngozi Okonjo-Iweala jẹ́ mínísítà ètò ìnáwó, ni ìjọba àpapọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ iye tí ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń gbà jáde fún aráyé láti rí. Nítorí náà, iye tó yẹ kó wọlé kì í ṣe àṣírí. Ibi tí ìtàn náà ti ń dákẹ́ ni ẹ̀yìn ìgbà tó bá ti wọlé.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí ará ìlú bá bi alága léèrè owó, níbikíbi ní Nàìjíríà, ìdáhùn tó máa ń gbọ́ ni pé owó náà wà nínú àpò àjọni tí abala 162 òfin ní kí ìpínlẹ̀ máa bójú tó. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2023 lẹ́bàá wa níbí, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ìjẹ̀bú, kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Alága wọn nígbà náà, Wale Adedayo, kọ̀wé sí Olóyè Ṣẹ́gun Ọ̀ṣọbà, gómìnà ìpínlẹ̀ wa tẹ́lẹ̀, pé owó tó tọ́ sí àwọn káńsù kò dé ọwọ́ àwọn. Ìjọba ìpínlẹ̀ ní ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn káńsẹ́lọ̀ fi yọ alága náà nípò. N kò kọ̀wé láti dájọ́ láàárín wọn. Ohun tó dùn mí ni pé àwa tí a ni owó kò ní ìwé kan lọ́wọ́ tí a lè fi mọ ẹni tó sọ òótọ́. Ó dà bí ìgbà tí alájọ àti ọ̀gá rẹ̀ ń jà lójú ọjà, tí àwọn tó dá àjọ dúró tì wọ́n lọ́wọ́ òfo, tí wọn ò ní káàdì.

Lẹ́yìn náà ni ọjọ́ 11, oṣù keje, ọdún 2024 dé. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ, nínú ìdájọ́ tí Adájọ́ Emmanuel Agim kà, sọ pé kò bófin mu kí ìpínlẹ̀ máa di owó ìjọba ìbílẹ̀ mú, pé kí owó náà máa lọ tààrà sí káńsù, pé káńsù tí ará ìlú kò dìbò yàn kò sì gbọ́dọ̀ gba kọ́bọ̀. Inú wa dùn. Ìmúṣẹ ìdájọ́ náà kò yá bí a ti rò, ṣùgbọ́n ọ̀nà ti là. Síbẹ̀, Alága wa, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń bà mí lẹ́rù. Bí owó bá dé tààrà, tí a kò sì mọ bí wọ́n ṣe pinnu ìnáwó rẹ̀, a jẹ́ pé ilé àṣírí nìkan ló yí padà: ó kó kúrò ní Abẹ́òkúta, ó wá sí Ìjẹ̀bú-Igbó.

A kì í fárí lẹ́yìn olórí. Gbogbo ọmọ Yorùbá ló mọ òwe yìí, ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, àwọn baba wa fi ṣe ìjọba. Kí òyìnbó tó fi ogun Ìmàgbọ́n ọdún 1892 ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú, ọba àti àwọn ìjòyè kì í dá nìkan ṣàkóso ìlú. Òṣùgbó, ìgbìmọ̀ àwọn àgbà, wà. Páràkòyí wà fún ọ̀rọ̀ òwò àti ọjà. Pàǹpá wà, tí í ṣe ẹgbẹ́ mẹ̀kúnnù pátápátá, tí àwọn olórí rẹ̀ ń gbé ohùn àwọn tí kò joyè lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣòfin. Nítorí náà, ẹni tó bá ní kí ará ìlú dá sí ọ̀rọ̀ ìnáwó kò kó àṣà òkèèrè wọlé. Ohun tó sọnù lọ́wọ́ wa ló ń wá.

A sì rí ohun tó máa ń tẹ̀lé e nígbà tí ó bá sọnù. Láàárín ọdún 1968 sí 1969, àwọn àgbẹ̀ kókó dìde lábẹ́ orúkọ Àgbẹ́kọ̀yà. Wọ́n ní kí ìjọba dín owó orí kù, kí wọ́n tún ọ̀nà abúlé ṣe, kí wọ́n sì mú àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ tó ń ni wọ́n lára kúrò. Ẹ̀mí ṣòfò kí wọ́n tó gbọ́. Ọmọ ìlú kókó ni wá ní Ìjẹ̀bú-Igbó, a mọ ohun tí àgbẹ̀ ń fojú rí kí ẹrù rẹ̀ tó jáde lóko. Ohun tó bí àwọn àgbẹ̀ wọ̀nyẹn nínú jù ni pé wọ́n ń san, wọn kò rí ọ̀nà. Wọ́n ń béèrè, kò sẹ́ni tó dá wọn lóhùn. Ibi tí a bá ti pa ẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ owó, ìbínú ló máa ń la ẹnu náà tó bá yá.

Ẹ wá wo bí nǹkan ṣe ń rí nígbà tí ẹnu bá là láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní àdúgbò wa, nígbà tí iná kú fún ọ̀pọ̀ oṣù, CDA, ìyẹn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, ní kí a dá owó tiransfọ́mà. Ilé kọ̀ọ̀kan san iye tó kàn án. Lọ́jọ́ Àìkú ìpàdé, akọ̀wé á dìde, á ka orúkọ ẹni tó san àti iye tó san. Akápò á sọ iye tó wà ní báńkì. Mo rántí bàbá kan tó béèrè ìdí tí owó ọkọ̀ tó gbé ẹ̀rọ náà wá fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó pè é ní ọ̀tá. Akọ̀wé yọ rìsíìtì, ó gbé e fún un, bàbá kà á, ó jókòó, ìpàdé ń bá a lọ. Iye tí a dá lápapọ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí káńsù ń gbà lóṣù kan. Bí owó kékeré bá lè ní rìsíìtì lójú gbogbo ènìyàn, owó ńlá ló tún yẹ kó ní in jù.

Kì í ṣe àdúgbò wa nìkan. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, ní ìparí àwọn ọdún 1990, Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Mabogunje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pe onírúurú ènìyàn jọ láti jíròrò bí ìlú ṣe lè gbógun ti ìṣẹ́. Láti inú ìjíròrò yẹn ni ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè kan ti jáde, iṣẹ́ ìgbìmọ̀ náà ló sì bí abúlé ẹja tó wà ní Eriwe. Ẹ tún kọjá sí orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, lọ́dọ̀ àwọn ìbátan wa ní Kétu àti Ṣábẹ̀. Láti ìgbà ìdìbò ọdún 2002 ni ìjọba ìbílẹ̀ 77 ti ń ṣàkóso ara wọn níbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn máyọ̀ wọn ló sì ń pe ará ìlú jọ láti ka ohun tó wọlé àti ohun tó jáde fún wọn. Ní ìlú Porto Alegre ní Bùràsíìlì, láti ọdún 1989, fún ọ̀pọ̀ ọdún, àdúgbò kọ̀ọ̀kan ń péjọ lọ́dọọdún láti to ohun tí wọ́n nílò bó ṣe ká wọn lára sí: omi, gọ́tà, ọ̀nà. Orúkọ ìlú yẹn kárí ayé nítorí èyí. Wọn kò lówó ju ayé lọ; wọ́n kàn fún onílé láyè láti tọ́ka sí ibi tí òrùlé ti ń jò ni.

Ọ̀rọ̀ òrùlé tó ń jò yìí gan-an ló mú kí ìpàdé àdúgbò ṣe pàtàkì fún wa. Ní ìkànìyàn ọdún 2006, ènìyàn 284,336 ni wọ́n kà ní Àríwá Ìjẹ̀bú. Wọ́ọ̀dù 11 ni a ní. Nínú wọn ni Òkè-Ṣopẹ́n wà, àti Òkè-Àgbò, àti Atíkórí, àti Òjòwò pẹ̀lú Jápárà, àti Òru pẹ̀lú Àwà àti Ìlápọ̀rù. Agó-Ìwòyè wà níbẹ̀, níbi tí yunifásítì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1982 ti sọ ìlú di ilé ẹgbẹẹgbẹ̀rún akẹ́kọ̀ọ́. Màmú àti àwọn abúlé oko wà níbẹ̀. Ohun tó ń dun onílé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Agó-Ìwòyè kọ́ ló ń dun àgbẹ̀ ní Màmú tí kókó rẹ̀ ń bàjẹ́ lóko nígbà òjò. Ohun tó ń dun onílé ìlagi kọ́ ló ń dun aboyún tó ń wá nọ́ọ̀sì lóru. Bí ẹ bá tún sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìjọba ìbílẹ̀ Ogun Waterside, ní Ìwòpin àti àwọn ìlú etí omi, èbúté lè ṣáájú títì. Kò sí ẹni tó lè jókòó sí ọ́fíìsì kan kó fi orí ara rẹ̀ mọ gbogbo èyí, bó ti wù kó gbọ́n tó.

Mo mọ̀ pé ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn máa ń pe ìpàdé lórí ìṣúná ní ẹkùn sẹ́nétọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohun rere ni, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ìjọba ìbílẹ̀ 9 ló wà ní ẹkùn Ìlà-Oòrùn Ògùn tiwa. Ìyá aláta tó fẹ́ sọ̀rọ̀ gọ́tà ẹ̀yìn ìsọ̀ rẹ̀ kò lè ráyè sọ ọ́ ní irú ìpàdé ńlá bẹ́ẹ̀. Wọ́ọ̀dù ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti lè dé etí.

Nítorí náà, Alága wa, ohun márùn-ún ni mo ń bẹ̀ yín fún.

Èkíní, ẹ lẹ káàdì wa mọ́ ògiri. Lóṣooṣù, kí ìwé kan wà ní ọjà, ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé àti ní ẹnu ọ̀nà káńsù, ní èdè Yorùbá tó já gaara: èyí ni iye tó dé láti Àbújá, èyí ni iye tí a pa nílé, èyí ni owó oṣù àti owó àwọn tó ti fẹ̀yìn tì, èyí ni iṣẹ́ tí a ṣe, ẹni tí a gbé e fún, iye tí a san fún un, iye tó kù.

Èkejì, ẹ pe ìpàdé wọ́ọ̀dù kí ẹ tó kọ ìṣúná, ó pẹ́ tán ní oṣù kẹsàn-án. Ẹ má pe àwọn olóṣèlú nìkan. Ẹ pe CDA, ìyálọ́jà, àgbẹ̀, oníṣẹ́ ọwọ́, ọlọ́kadà, ọ̀dọ́, olùkọ́, ìmáàmù àti pásítọ̀, àti àwọn aláìlera tí a kì í sábà rántí. Ẹ ṣe é ní ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà, kí àwọn obìnrin lè wá.

Ẹ̀kẹta, nínú owó iṣẹ́ tuntun, lẹ́yìn owó oṣù, ẹ ya ìpín kan sọ́tọ̀ tí ìpàdé wọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ á pinnu ohun tí wọ́n á fi ṣe. Kí wọ́n na ọwọ́ sókè, kí a kà á, kí akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀. Bí káńsù kò bá lè ṣe ohun tí ìpàdé yàn, kí ẹ padà wá sọ ìdí rẹ̀ fún wa lójúkojú.

Ẹ̀kẹrin, kí wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan yan ènìyàn méje, tí kì í ṣe ẹgbẹ́ òṣèlú kan náà ni gbogbo wọn ti wá, tí wọ́n á ní ẹ̀dà ìwé àdéhùn iṣẹ́ lọ́wọ́. Bí agbaṣẹ́ṣe bá ní irin mẹ́wàá ni òun á lò fún afárá gọ́tà, kí wọ́n kà á kí ó tó da sìmẹ́ńtì bò ó.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ padà wá lọ́dọọdún, kí ẹ kà á fún wa níṣojú àwọn orí adé wa. Kábíyèsí Orímolúsì wà, Kábíyèsí Ṣopẹ́nlúkálẹ̀ wà, Kábíyèsí Ẹ̀bùmáwẹ̀ wà ní Agó-Ìwòyè. Ojú wọn ni ẹ ti tọrọ ìbò. Ojú wọn náà ló yẹ kí ẹ ti jíhìn.

Mo mọ ohun tí àwọn kan á sọ. Wọ́n á ní lẹ́yìn owó oṣù àwọn tíṣà àti òṣìṣẹ́ ìlera, ohun tó kù kéré débi pé kò yẹ fún ìpàdé. Bó bá kéré, ẹ jẹ́ ká mọ bó ṣe kéré tó. Àjọ tó kéré jù lọ́jà náà ní káàdì, àní onítọ̀hún ló máa ń tọ́jú káàdì rẹ̀ jù, nítorí kò ní òmíràn. Àwọn mìíràn á ní ará ìlú kò mọ̀wé tó láti ka ìṣúná. Mo ti sọ ti ìyá mi. Àwọn yòókù á ní ìpàdé á di ìjà òṣèlú. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ ní ìpàdé àkọ́kọ́. Ní ìpàdé kẹta, nígbà tí a bá ti rí i pé gọ́tà tí a fọwọ́ sí ni wọ́n ń gbẹ́, gọ́tà yẹn la ó máa bá ara wa sọ, a ò ní rántí asíá ẹgbẹ́ mọ́.

Ẹ̀yin ará Òkè-Ṣopẹ́n, ẹ̀yin náà ni mo fẹ́ bá wí díẹ̀, pẹ̀lú ìfẹ́. Bí ìdìbò bá ń bọ̀, a máa ń gba ìrẹsì, a máa ń gba ànkárá, a ó sì dákẹ́ títí ìdìbò mìíràn. Ẹni tó bá ti jẹ owó àjọ tirẹ̀ ṣáájú kò lè bá alájọ jà níparí oṣù. Bí wọ́n bá pe ìpàdé wọ́ọ̀dù, ẹ wá. Bí wọn kò bá pè é, ẹ béèrè. Òfin ọdún 2011 lórí ìròyìn ìjọba fún ẹnikẹ́ni lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀wé béèrè àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba, kí wọ́n sì dá a lóhùn láàárín ọjọ́ 7, láìjẹ́ pé ó sọ ohun tó fẹ́ fi ṣe. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé òfin náà de gbogbo ìpele ìjọba. Ìwé kan, bírò kan, orúkọ yín nísàlẹ̀: ó tó. Ẹ má bú ẹnikẹ́ni nínú ìwé náà. Ẹ béèrè bí ìgbà tí ènìyàn ń yẹ káàdì rẹ̀ wò.

Alága wa, n kò fi ẹ̀sùn kàn yín. Bí mo bá gbà pé ẹ kò ní gbọ́, n kì bá tí kọ̀wé. Mo gbà pé alága tó bá ṣe èyí á sùn dáadáa, nítorí ìgbà tí ahesọ bá dìde pé ó ti kó owó jẹ, àwọn obìnrin ọjà ni yóò kọ́kọ́ dáhùn pé, "Rárá o, a rí i lára ògiri."

Nígbà tí ìyá mi kú, a kò tíì rántí àjọ rẹ̀ rárá. Ní ọjọ́ kẹta, alájọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ wá sílé. Ó ní kí a wá káàdì náà. A rí i nínú àpótí, lábẹ́ aṣọ òkè rẹ̀. Ó ṣí ìwé tirẹ̀, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ káàdì, ọjọ́ 19 ni àmì rẹ̀ wà nínú oṣù náà. Ó yọ owó, ó ní kí gbogbo àwa ọmọ jókòó, ó sì kà á lójú wa, náírà kan lórí èkejì, títí tó fi pé. Kò sí ẹni tó ní kó wá. Láti ọjọ́ yẹn, bí ẹnikẹ́ni bá ní kò ṣeé ṣe kí ẹni tí owó ọ̀pọ̀ ènìyàn wà lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́ olóòótọ́, mo mọ̀ pé ó ṣeé ṣe. Mo ti rí i nílé wa.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú oṣù kan ṣoṣo. Ìwé kan, lára ògiri ọjà wa. A ó wá kà á.

Èmi ni,
ọmọ alágàárì kan ní Òkè-Ṣopẹ́n, Ìjẹ̀bú-Igbó.